Ibi Tí N Kò Gbọdọ̀ Dé

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ, 2025

Òjò láti ìdájí, kò sì sí iná. Tóbi wọlé láti ilé tó háyà ní Ekosodin, nínú ìlú Benin yìí, pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, ó ní òun fẹ́ sun yàrá òun àtijọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ọmọkùnrin tó ti ń dá gbé láti ọjọ́ pípẹ́ kì í dédé wá sùn nílé ìyá rẹ̀, pàápàá ilé tí wọn kì í ti í jẹ́ kó tan rédíò sókè. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Funfun ojú náà ti di àwọ̀ ọsàn tó pọ́n.

Mo ní, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí lo jẹ? Ta ló ti rí ẹ kí o tó wá?"

"Mummy, abeg, no start press conference. Na ordinary malaria."

Ó gbọ́ gbogbo Yorùbá tí mo bá sọ, títí kan èyí tí mo bá sọ fún bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n láti kékeré ni Pidgin ti jẹ́ èsì rẹ̀. Òun náà ló sì ń fi jẹun báyìí. Kò sí oníkẹ̀kẹ́ ní New Benin tí kò mọ ohùn rẹ̀ lórí ètò bọ́ọ̀lù rédíò: "Na me be Tobi Correct, ball no dey lie!" Èmi tí mo fi ogún ọdún kọ Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé ìròyìn, tí mo tún fi ohun tó lé lógún ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ọmọ tèmi ló wá ń fi èdè ojú títì gbayì. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, inú mi a sì máa dùn.

Mo ti se ọbẹ̀ ata tí kò ní epo. Kò jẹ ju ṣíbí mẹ́ta lọ.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ

Kì í ṣe ibà. Ẹ̀dọ̀ ni. Dókítà kan tó kéré sí Tóbi lójú ló sọ ọ́ fún wa, ó ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ìròyìn ti kọ́ mi pé ẹni tó bá ń wo ilẹ̀ tó ń fèsì, ó ṣì ku ohun tí kò tíì sọ. Wọ́n ti dá ọmọ dúró sí wọ́ọ̀dù.

Ọláfúnkẹ́ bá mi níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni tẹ́lẹ̀, ó ti di olùkọ́ ní ẹ̀ka wa báyìí, òun ni wọ́n sì ní kó kọ ìtàn ayé mi sínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n máa pín lọ́jọ́ àsọyé ìdágbére mi. Mo máa pé àádọ́rin ọdún lóṣù Kẹwàá, yunifásítì kì í sì í fi àgbà ṣe ọ̀ṣọ́. Mo kà á lórí bẹ́ńṣì níta wọ́ọ̀dù. Ó ní mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn n'Íbàdàn nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún. Pé àwọn sójà tì mí mọ́lé nítorí ohun tí mo kọ. Pé mo kọ ìwé mẹ́ta. Pé mo tẹ̀lé ọkọ wá sí Benin, mo di olùkọ́, mo di ọ̀jọ̀gbọ́n. Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà, àfi pé ó pè mí ní akọni obìnrin lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Akọni kọ́ ló jókòó síta wọ́ọ̀dù, tó ń bẹ̀rù ohun tí dókítà kò tíì sọ.

"Ó bí ọmọ kan" ni ìlà tó gbẹ̀yìn. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹjọ

Tóbi mu ẹ̀kọ, kò bì í. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Tómàtì ti gbówó lérí ní New Benin, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo rà á láì ná an.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kẹjọ

Bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọmọ mi sì kọ̀, ó ní òun gbọ́dọ̀ ṣe ètò òun. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ṣe é, fóònù létí, omi tí wọ́n fà sí i lára ń kán. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì dúró ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, gbogbo ara rẹ̀ ti rin gbingbin fún òógùn.

Ó wá bi mí léèrè ohun tí kò bi mí rí. "Mummy, those days wey you dey enter all those places, soja dey, fire dey. You no dey fear?"

Mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní ọ̀gá mi àkọ́kọ́ ló kọ́ mi pé kí ẹsẹ̀ máa lọ, ẹ̀rù a máa tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn. Mo sọ fún un nípa ọkọ̀ ojú omi tó dojú dé nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́, tí gbogbo ìwé ìròyìn jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń kọ iye òkú, tí èmi nìkan wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, tí mo rí i pé iye náà kò tọ̀nà, pé àwọn kan ṣì wà láàyè nínú igbó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Na why you no dey believe anybody."

Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ àfi kí n débẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n ní kí n lọ sùn nílé lánàá, kí bàbá rẹ̀ dúró tì í. Mo gbọ́ràn.

Láàárọ̀ ni wọ́n kanlẹ̀kùn. Àlàájì Ìbráhìm ló ṣáájú, alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá nílùú yìí, tó ń ta aṣọ ní New Benin. Àwọn àgbà ìjọ wa méjì tẹ̀ lé e. Jíbọ́lá, àbúrò ọkọ mi, ló gbẹ̀yìn wọlé, kò sì wo ojú mi. Mo gbé omi fún wọn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ogún ọdún ni èmi náà fi kan irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, tí mo jókòó sórí àga ọlọ́fọ̀, tí mo ń wá ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo mọ bí ojú ẹni tó gbé ikú wá sílé ẹni ṣe ń rí. Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò, bó ṣe ba ọ̀nà jẹ́.

Mo ní, "Àlàájì, ìgbà wo?"

"Ẹ jókòó ná, Màmá."

"Mo ti jókòó. Ìgbà wo ni ọmọ mi kú?"

Jíbọ́lá ló bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí ilẹ̀ tó mọ́ ni. Mo béèrè ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo béèrè ohun tó sọ kẹ́yìn. Mo ń béèrè lọ ṣáá, bí ẹni tó ní ìròyìn láti fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe kan nínú ilé, mo fẹ́ bi wọ́n pé ta nìyẹn. Èmi ni mo ń ké.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n sin ín lánàá náà, nírọ̀lẹ́. Wọ́n mú èmi àti bàbá rẹ̀ jókòó sínú yàrá, àwọn obìnrin ìjọ yí wa ká, wọ́n ń kọrin kí a má bàa gbọ́ ìró ọkọ̀. Mo gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n padà dé, mo rí ẹsẹ̀ Jíbọ́lá. Ó ti fọ̀ ọ́ níta kó tó wọlé. Mo bi í pé níbo ni wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Àlàájì ló dáhùn, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Ọmọ ló ń sin òbí, àwọn àbúrò ló ń sin ẹ̀gbọ́n. A ti bá Bàbá sọ ọ́, wọ́n sì ti ṣèlérí fún wa pé ẹ̀yin méjèèjì ò ní wá a lọ."

Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kẹjọ

Èrò kò dá. Wọ́n ní ẹ kú àmúmọ́ra. Wọ́n ní Ọlọ́run ló fún ni, òun náà ló gbà á. Obìnrin kan láti ìjọ, ẹni rere ni, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo wò ó. Ó kù díẹ̀ kí n pé àádọ́rin ọdún, ogójì ọdún àti ọ̀kan ni mo jẹ́ kí n tó rí ọmọ kan ṣoṣo yìí bí. Agbè wo? Ta ló fẹ́ lọ pọn omi mìíràn wá fún mi? Mo ní ẹ ṣeun, mà. Ó jẹ ìrẹsì, ó lọ.

Ohun kan tó ń dùn mí tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nìyí: wọn ò pè mí ní Màmá Tóbi mọ́. Gbogbo wọn ti sọ mí di Prof lẹ́ẹ̀kan náà, àní ìyá tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé, tó jẹ́ pé kò mọ̀ pé mo kàwé tẹ́lẹ̀. Wọ́n rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe mí. Ọkọ mi pàápàá, ó ń yí ọ̀rọ̀ po kó má bàa pè mí ní nǹkankan. Ó ń sọ pé "ẹ̀yin yẹn," pé "ṣé ẹ gbọ́?" Wọ́n sin ọmọ, wọ́n sin orúkọ mi mọ́ ọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kẹjọ

Mo jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá. Rédíò oníkẹ̀kẹ́ ń ṣiṣẹ́. Láàárín ìpolówó ọṣẹ àti ti mátíràásì, ohùn ọmọ mi jáde: "Na me be Tobi Correct, ball no dey lie!" Wọn ò tíì yọ ọ́ kúrò.

Oníkẹ̀kẹ́ náà mi orí. "Mama, that boy don die o. Better person."

Mo ní kó sọ̀ mí kalẹ̀. A ò tíì dé ibi tí mò ń lọ. Mo dúró létí títì, ẹrọ̀fọ̀ títí dé ọrùn ẹsẹ̀, mo ń sunkún bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Àgbàrá ti gba ojú ọ̀nà ẹ̀yìn ilé wa, ó wó ògiri aládùúgbò kan. Mo dúró lójú fèrèsé láti àárọ̀. Ilẹ̀ tuntun máa ń rì tí omi bá mu ún. Ṣé orí òkè ni wọ́n tẹ́ ẹ sí ni, àbí nísàlẹ̀? Ṣé omi ń gba ibẹ̀ kọjá? Èmi tí mo mọ ibi tí àgbàrá ń gbà ní gbogbo àdúgbò ìlú yìí, tí mo ti kọ ọ́, tí mo ti bá ìjọba jà lórí rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá omi ti dé ara ọmọ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Jíbọ́lá wá kí wa. Mo fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Kò sí orúkọ mìíràn tó yẹ kí n pè é. Bàbá wà nínú yàrá, ó ń sùn.

Mo fi ọdún mẹ́fà ju Jíbọ́lá lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà láyé kí wọ́n tó gbé mi wọlé wọn, nítorí náà Bọ̀dá ni mò ń pè é, òun a sì pè mí ní ìyàwó wa. Mo gbé gúgúrú àti ẹ̀pà kalẹ̀ fún un, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà, bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo bi í bóyá ọkọ̀ rẹ̀ ti dára. Mo bi í bóyá ọ̀nà burú lọ́jọ́ náà.

"Ìyàwó wa, mo mọ ibi tí ẹ ń lọ."

"Bọ̀dá, mi ò béèrè ibẹ̀. Mo kàn ní ṣé ọ̀nà burú."

"Ẹ má ṣe mí báyìí. Mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀ fún àwọn àgbà."

Mo wá ju ọgbọ́n nù. Mo ní kí ni wọ́n wọ̀ fún un? Ta ló wẹ̀ ẹ́? Ṣé ojú rẹ̀ pa dé dáadáa? Ṣé igi wà níbẹ̀? Ó bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń sunkún. Ó dìde, ó wọ bàtà. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, ìyàwó wa."

Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí ó kàn ń ṣàánú mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́, mi ò sì rí ẹlòmíràn tó máa jẹ́rìí sí i. Tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi ló kó irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wá, màá dá a padà.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

A jà. Ọdún kẹtàdínlógójì tí a ti fẹ́ra wa rèé, mi ò tíì gbé ohùn sókè sí i bẹ́ẹ̀ rí.

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni. Mo ní, "Bàbá Tóbi, ẹ jẹ́ kí n lọ wo ọmọ mi." Mo mọ̀ọ́mọ̀ pe orúkọ náà. Ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́.

Ó ní mo ti gbọ́ ohun tí àwọn àgbà sọ. Mo ní ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: tí mo bá fẹ́ mọ ibi tí sàréè kan wà ní Benin, ìdajì ọjọ́ ni yóò gbà mí. Màá pe ṣọ́ọ̀ṣì, màá pe iléeṣẹ́ rédíò, màá pe ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Kì í ṣe pé mi ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín.

Ó ní nílé tiwọn, òbí tó bá fi ojú kan sàréè ọmọ, kì í pẹ́ tó fi ń tẹ̀ lé e. Ó ní nítorí kí irú ẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yẹra.

Mo ní, "Kó tún ṣẹlẹ̀ sí ta? Ta ló kù? Ẹ ka àwọn tó kù fún mi!"

Ó jókòó. Ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wọn ilẹ̀ onílẹ̀, tó mọ ààlà gbogbo pápá láti ibí dé Ẹkpoma, kò mọ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tí ọmọ rẹ̀ wà.

"Àrìnpé," ó ní. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí a ti sọ ọmọ lórúkọ. "Àrìnpé, mo ti ṣèlérí. Tó bá jẹ́ pé ìwọ ló máa tẹ̀ lé e ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ fi ara mi ṣe?"

Ó lọ sí yàrá Tóbi, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbé oúnjẹ rẹ̀ síbẹ̀, kò jẹ ẹ́. Mi ò lè lọ láìsí i. Tí mo bá lọ tí nǹkan ṣe é, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, èmi náà á wá dá wà nínú ilé yìí.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Ọláfúnkẹ́ mú ìwé pẹlẹbẹ náà wá kí wọ́n tó lọ tẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sí etí àga. Mo mọ ohun tó fẹ́ béèrè, mi ò sì ràn án lọ́wọ́.

"Mà, that last line. Ṣé kí n yọ ọ́ ni?"

"Kí lo kọ síbẹ̀?"

"Ó bí ọmọ kan, mà."

"Ṣé irọ́ ni?"

"Rárá, mà. Mo kàn rò pé… the Dean ní bóyá ká kọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín dípò rẹ̀. Pé ẹ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ káàkiri àgbáyé."

Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yọ "ọmọ kan," mo kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀: Ó bí Tóbilọ́ba. Mo ní tí wọ́n bá yọ ọ́, kí wọ́n wá ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn tó máa dágbére fún wọn. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó gbá mi mọ́ra lẹ́sẹ̀, a jọ sunkún títí ọbẹ̀ fi jóná.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Òmìnira. Òjò. Bàbá ń sun yàrá Tóbi láti ọjọ́ yẹn. Mi ò kọ nǹkankan sínú àsọyé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá

Mo pé àádọ́rin. Àlàájì fi àpò ìrẹsì ránṣẹ́, kò fúnra rẹ̀ wá. Mo mọ̀ pé ojú ń tì í.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn tí mo kọ́ wá láti Èkó, láti Àbújá. Ọ̀kan ti di olóòtú ìwé ìròyìn ńlá, orí rẹ̀ ti pá. Wọ́n wọ̀ mí láṣọ ọ̀jọ̀gbọ́n, ó tóbi ju ara tó kù fún mi lọ. Bàbá jókòó síwájú, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orí orúnkún.

Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo sọ ti Ìbàdàn, mo sọ ti àtìmọ́lé, wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Mo wá dé ibi tí mo máa ń dé pẹ̀lú gbogbo kíláàsì láti ọdún pípẹ́ wá, ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ lójú oorun: pé oníròyìn tí kò bá débẹ̀, kó má kọ ọ́, pé ẹni tí kò fojú ara rẹ̀ rí i, kò mọ̀ ọ́n, bó ti wù kí ó fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Ó ṣe mí bákan. Mo rí ìlà tó tẹ̀ lé e lórí ìwé, mo mọ̀ ọ́n kà, ẹnu mi kò ṣí. Àwọn èèyàn rò pé mò ń wá awò ojú mi. Ẹnì kan gbé omi wá. Mo wo Bàbá. Ó ń wò mí. Mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti bá a níbi tó ti bá mi.

Ọláfúnkẹ́ ló gun orí pèpéle wá ka èyí tó kù. Wọ́n ní ó kà á dáadáa.

A kọjá New Benin nínú ọkọ̀. Ìgbà náà ni Bàbá ní, "Mo ti bá Jíbọ́lá sọ̀rọ̀. Màmá Tóbi, ẹ sùn dáadáa. A ó jáde láàárọ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Jíbọ́lá ló wa ọkọ̀. A sọdá odò, a gun Ikpoba Hill, ó yà sí ọ̀nà kan tí mi ò ní kọ síbí. Níwájú géètì, ó pa ọkọ̀, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ní, "Mi ò rí yín o. Mò ń ka ìwé ìròyìn." Kò sí ìwé ìròyìn kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Ẹ̀dó kan ló ń ṣọ́ géètì, ó jókòó sórí pákó, ó ń jẹ àgbàdo. "Na who una come see?"

Bàbá pe orúkọ náà. Ó pè é tán, Tóbilọ́ba Èṣùbíyì, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Ah. Tobi Correct." Ọkùnrin náà gbé àgbàdo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo èmi, ó wo ọkọ mi. "Oga, no vex. Una be him papa and mama? Because I no fit open for papa and mama. Even for our side, dem no dey do am. E no good."

Bàbá wo ẹ̀yìn, síbi tí ọkọ̀ wà. Mo mọ̀ pé tó bá yíjú padà sí ọkọ̀, ó ti parí nìyẹn, a ò tún ní wá mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti gba kálàmù, mi ò tíì mọ̀ọ́mọ̀ sọ irọ́ fún ẹni tó bi mí ní ìbéèrè. Wọ́n tì mí mọ́lé nítorí ìyẹn.

Mo ní, "No, sir. Na our senior brother."

Ó wo irun orí mi, funfun báláú. Ó wo ọ̀pá tí Bàbá fi ń rìn. Ó wò wá pẹ́. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́.

"Una do well," ó ní. "E good make person come greet him senior. Go straight, near that mango."

Ilẹ̀ náà gbẹ. Òótọ́ ni Jíbọ́lá sọ. Ó ti rì díẹ̀ ní apá ẹsẹ̀, koríko ti ń hù lára rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára pákó kan, wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Èmi àti Bàbá dúró. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Bàbá ló bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara igi, ó di apá mi mú, ó rọra lọ sílẹ̀, orúnkún kan, èkejì, ọwọ́, títí àyà rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Ọkùnrin ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kí wọn. Mo ní ẹ̀gbọ́n wa, ẹ má bínú pé a pẹ́, ọ̀nà ò dára, wọn ò sì jẹ́ ká tètè mọ ilé yín. Mo ní ara wa le. Mo ní àwa àbúrò yín méjì ló kù nílé, a ò sì tíì mọ bí a ṣe ń gbé láìsí yín. Bàbá kò lè dìde, mi ò sì gbé e dìde. Mo gbé ọwọ́ lé orí ilẹ̀ náà, mo sọ fún wọn pé ẹ ṣeun, ẹ tọ́ wa dáadáa.